Iná Marina Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Bàbá mi kò ra ìwé fún mi rí títí di ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìyá mi ló ń ra ìwé, òun ló ń ra bírò, òun náà ló sì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ bí wọ́n bá ní kí òbí wá. Tẹlifíṣọ̀n àti fídíò ni bàbá mi ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ó sì gbà pé ọmọbìnrin tó bá ti lè ka ohun tí wọ́n kọ sára kátọ́ọ̀nù ti mọ̀wé tó. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle kan wọlé, aláwọ̀ aró, tó ní, "Gbà, inú rẹ̀ ni kó o kọ iṣẹ́ tíṣà rẹ sí," inú mi dùn débi pé mo fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, inú sì ṣì ń bí mi sí ọmọ tó sùn lórí ìwé yẹn.

Nǹkan bí ọdún 1988 ni. Obìnrin kúkúrú kan ló ń kọ́ wa ní ìtàn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ wá ẹni tó dàgbà jù nílé rẹ̀, kí a bi í bí wọ́n ṣe ń gbé ní Èkó láyé Fitóríà, nígbà tí obìnrin jọba lórí àwọn Òyìnbó tó ń ṣàkóso wa. "Mi ò fẹ́ ìtàn gómìnà o," ó ní. "Gómìnà ti wà nínú ìwé. Ẹni tó ń pọnmi fún gómìnà ni kí ẹ bá mi wá."

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa ni kò rí ẹni bi. Àwọn kan jókòó, wọ́n hùmọ̀ ìyá àgbà tí wọn kò ní. Èmi ò ní láti hùmọ̀ nǹkan kan. Mo ní Ìyá Ìsàlẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé wa wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì tí bàbá tó bí bàbá bàbá mi kọ́ láyé Fitóríà kan náà yìí. Bàbá Onílé ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá a láyé àyàfi Ìyá Ìsàlẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni, mùsùlùmí gidi. Bó ṣe wà nílé àwọn ará Èkó, bí bàbá tó kọ́lé bá ti kú, ìyàwó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà sí igi kan, àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ ìyàwó náà ló sì ń jẹ ẹ̀tọ́ igi yẹn. Igi mẹ́rin ni wọ́n ń kà nílé wa. Igi mẹ́ta pọ̀ lọ jàra, wọ́n kún òkè, wọ́n kún ẹ̀yìnkùlé. Nínú igi kẹrin, Ìyá Ìsàlẹ̀ nìkan ló kù, pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tó ń gbé ní Agége.

Yàrá kan péré ló ní, yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì, ibẹ̀ la sì ti mú orúkọ tí a ń pè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, yàrá lásán ni. Ṣùgbọ́n ọjà Ìdúmọ̀tà ti ń rìn wọ àdúgbò wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilé kan á wó ògiri iwájú rẹ̀, wọ́n á fi ilẹ̀kùn onírin sí i, ó ti di ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé, ní gbogbo òpópónà wa, yàrá Ìyá Ìsàlẹ̀ nìkan ni yàrá iwájú tí èèyàn ṣì ń kírun nínú rẹ̀.

Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé, "Ọdún tí Ọba Obìnrin Òyìnbó kú, eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ni, wọ́n sì ní kí n má rẹ́rìn-ín níta nítorí ìlú ń ṣọ̀fọ̀." Nígbà tí mo ń sọ yìí, eyín kankan ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín níbi tó bá wù ú. Òun ló pọn bàbá mi nígbà tí ìyá tó bí i kú. Láràárọ̀, kí bàbá mi tó lọ sọ́jà, á dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá mi." Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Bó ṣe dọ̀bálẹ̀ lónìí náà ló máa dọ̀bálẹ̀ lọ́la.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni mo máa ń lọ bá a. Á jókòó sórí pótímáńtò rẹ̀ onípáànù, kẹ́tùrù àlùwàlá rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi á jókòó sórí ẹní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí mo sọ ohun tí mo wá ṣe, ó wò mí pẹ́.

"Wọ́n ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀kọ́?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí a ṣe ń fọ abọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Gbogbo ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú rẹ̀ rí. Àwọn àgbà ilé á bi í nípa bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀kọ àti oògùn ikọ́, kò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì dáwọ́ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ohun tó ń dùn mí jù lọ títí dòní nìyẹn.

Ó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń jí kí Àsùbáà tó pè láti lọ tò sídìí kànga, tí igbá ìyálé á sì kọ́kọ́ kún kí igbá ẹlòmíràn tó kan omi. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ títí á fi mọ́ bí omi òjò, nítorí àgbádá funfun tí Bàbá Onílé ń wọ lọ sí Jímọ̀ kò gbọdọ̀ rọ̀ kó tó padà dé. Ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú hàn mí, èyí tó wà lójú fèrèsé rẹ̀, tí gbogbo wa rò pé ohun ìdílẹ̀kùn ni. Ìyá rẹ̀ ló fi í lọ aṣọ fún ogún ọdún. Bí o bá gbé e báyìí, ó wúwo. Bí iná bá tún wà nínú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ máa fẹ́ eérú kúrò láìjẹ́ kí itọ́ ta sára aṣọ.

Ó sọ nípa àwọn Sàró ní Olówógbowó, tí wọ́n ń wọ kóòtù onírun dúdú nínú oòrùn ọ̀sán, tí àwọn ìyàwó wọn ń fi gáùn gígùn gbá iyanrìn títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Bí òjò bá ti rọ̀," ó ní, "ìyá mi máa ń sọ pé àwọn mádàámù yìí ló ń bá ìjọba kó ẹrẹ̀." Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gbé aṣọ lérí lọ sílé wọn, tí wọ́n á fún un ní tíì nínú ife tó ní ìdí wẹ́ẹ́rẹ́, tí kò sì mọ bó ṣe máa dì í mú. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ń ro mí, mi ò sì fẹ́ kó dákẹ́.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi á dé, á jẹun tán, á ní, "Gbé ìwé yẹn wá." Á fi dígí sójú, á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Á pè mí ní akọ̀wé. Ìyá mi tó ń kó abọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó wò ó. Ó wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ní, "Bàbá ẹ, ìwé ló ń kà yẹn?" Mo rò pé ó ń jowú ni.

Kì í ṣe pé ó kàn ń kà á. Ó ń fi ìbéèrè kún un. "O ò bi í pé níbo ni ìyá rẹ̀ ti wá," á ní. "Òpìtàn gidi kì í fi ìyẹn sílẹ̀. Bi í lọ́la." Lọ́jọ́ kejì: "Irú iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ń ṣe nínú ilé? Gbogbo ìyàwó ilé ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni, àbí òun nìkan?" Lẹ́yìn náà: "Bi í nípa ọjọ́ tó kọ́kọ́ mọ ilé yìí. Ohun tó kọ́kọ́ rí láyé rẹ̀." Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá mi mọ ìtàn ju tíṣà wa lọ. Mò ń gbé ìbéèrè rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, mò ń gbé ìdáhùn padà sókè, mi ò sì bi ara mi pé kí ló dé tí ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn láràárọ̀ kò fẹnu ara rẹ̀ béèrè.

Àwọn ìdáhùn náà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìsàlẹ̀ á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó sọ fún mi pé ìyá òun ló ń gbé póò gbogbo ilé lọ dà sí ọ̀sà kí ojú tó mọ́, kí àwọn tó ń lọ kírun má baà pàdé rẹ̀. Ó sọ pé ẹnu ọ̀nà ìyálé ni ìyá òun ń sùn, lórí ẹní, kó lè gbọ́ bí wọ́n bá pè. Ó sọ nípa omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ilé. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé e wá fún wọn láàárọ̀. Bó bá ti gbé omi sílẹ̀, á kúnlẹ̀ kí ọmọ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ rìn, kò sì gbọdọ̀ dìde títí ọmọ náà á fi sọ pé, "Dìde."

"Àwọn ọmọ kan á gbàgbé," Ìyá Ìsàlẹ̀ ní. "Wọ́n á máa fi omi ṣeré. Ìyá mi á wà lórí ìkúnlẹ̀."

Mo bi í pé ṣé inú kì í bí i.

"Ta ni? Ìyá mi? Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó dáa fún orúnkún."

Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà yẹn. Ìyàwó ilé kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ayé Fitóríà ni mò ń kọ, mo sì gbà pé bí gbogbo obìnrin ṣe ń ṣe láyé ìgbà náà nìyẹn. Bàbá mi ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo bi í ní ìbéèrè nípa ohun tó kọ́kọ́ rí láyé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó ń kọjá ní títì. Ó wo ìwé mi, ó ní, "Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná." Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"A kúrò ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀," ó ní. "Bàbá mi ti kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ fa ìyá mi lé Bàbá Onílé lọ́wọ́, pé kó lọ máa sìn ín. Ẹrù kan péré ló dì. Nígbà tí ọkọ̀ wa fi máa rí Èkó, oòrùn ti wọ̀. Mo wá rí iná tó tò lọ létí omi ní Marina, lórí òpó, kò sẹ́ni tó mú un dání, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sì mì. Iná Òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà síbẹ̀ ni, èmi ò mọ̀. Mo ní, 'Ìyá, ìlú wọn ń jóná.' Ìyá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ará oko ni wá."

Ó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"A gúnlẹ̀. Bàbá Onílé dúró létí omi, ó wo ìyá mi, ó wò mí. Ó ní, 'Wọn ò sọ fún mi pé ọmọ wà ńbẹ̀.' Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ọkùnrin yẹn wò wá títí. Ó wá ní, 'Ó dáa. Kó máa bọ̀.' Láti ọjọ́ yẹn, mi ò pe ẹlòmíràn ní bàbá mọ́. Nígbà tó fẹ́ kú, ó pè mí, ó ní yàrá yìí, tèmi ni, kí ẹnikẹ́ni má lé mi jáde. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gbọ́. Gbogbo wọn ti lọ."

Ó na ìka sí mi. "Ìyẹn kì í ṣe ti ìwé o. Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo ti gbọ́."

Mo gòkè, mo sì kọ ọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀, láti Ẹ̀pẹ́ dé etí omi, nítorí pé mi ò tíì gbọ́ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ń ro bí ojú tíṣà mi á ṣe rí tó bá kà á. Mo fi ìlà pupa sábẹ́ "ìlú wọn ń jóná". Èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá mi kọ́ ló dì mí lọ́wọ́ mú. Mo ti gbìyànjú fún ọ̀pọ̀ ọdún láti gbé gbogbo ẹ̀bi náà lé e lórí, apá kan ṣì máa ń padà sọ́dọ̀ mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kà á tán, ó pa ìwé dé, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Kò pè mí ní akọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ń tẹ ẹ̀yìn ìwé náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ẹni ń tẹ ọmọ sùn.

Lọ́jọ́ Sáńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun Àílà, ìpàdé ẹbí wáyé ní pálọ̀ òkè. Bàbá mi ní wọ́n fẹ́ kí n wá ka ìtàn ilé wa fún gbogbo ẹbí. Mo wọ aṣọ Ìléyá mi. Ìyá mi di irun mi láàárọ̀ yẹn, ó ń dì í le ju bó ṣe máa ń dì í lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí jókòó sórí àga ńlá, Àáfà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù tò yíká. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló lọ mú Ìyá Ìsàlẹ̀ wá. Ó dì í lápá mú gun àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún un pé, "Ẹ rọra, Ìyá mi." Ó fi tìmùtìmù sí i lẹ́yìn.

Mo ka ti kànga. Mo ka ti sítáàṣì. Nígbà tí mo dé orí àwọn mádàámù tó ń bá ìjọba kó ẹrẹ̀, gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín, Ìyá Ìsàlẹ̀ sì ń wò yíká, ó ń mi orí, ojú rẹ̀ ń dán. Mi ò tíì rí i kí wọ́n bọlá fún un tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń gbé ohùn sókè bí a ṣe ń ṣe nígbà ìdíje nílé ẹ̀kọ́.

Bàbá mi wá ní, "Ṣí i sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi wà."

Mo wo Ìyá Ìsàlẹ̀. Ó ń wò mí. Kò bínú, kò sì ṣẹ́jú sí mi. Ó kàn ń dúró de ohun tí mo máa ṣe. Mo lè sọ pé ojú ewé yẹn ti ya. Mo lè sọ pé mi ò rí i. Mo lè da omi sílẹ̀, kí n wúkọ́, kí n sọkún. Bàbá mi ní, "Kà á, akọ̀wé," mo sì kà á. Mo kà á dé orí "Wọn ò sọ fún mi pé ọmọ wà ńbẹ̀." Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá mi dìde dúró. Ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Èkó, tó rí iná Marina láti inú ọkọ̀, inú yàrá wo nínú ilé yìí ni wọ́n bí i sí? Igi mélòó ni Bàbá Onílé ní? Ẹnu wọn náà ni a ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi. Mẹ́ta ni igi ilé yìí. Wọn kì í ṣe ọmọ ilé."

Ìyá Ìsàlẹ̀ ní, "Bàbá ló fún mi ní yàrá yẹn."

"Ta ni ẹlẹ́rìí yín, Ìyá?"

Ó pe orúkọ àwọn òkú mẹ́ta. Ó pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi orúkọ oríkì wọn kún un.

Àáfà wúkọ́. Ó ní lójú ẹ̀sìn, ohun tí èèyàn bá fi tọrẹ, tí ẹni tó gbà á sì ti ń lò ó, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Olórí ẹbí ní, "Àáfà, àdúà ni a pè yín wá ṣe." Àáfà wo ilẹ̀. Wọ́n fún Ìyá Ìsàlẹ̀ títí di ìparí oṣù láti kó jáde.

Nígbà tó fẹ́ dìde, bàbá mi na ọwọ́ láti dì í mú. Ìyá Ìsàlẹ̀ gbá ọwọ́ náà kúrò. Ó fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ìsàlẹ̀.

Mo tọ bàbá mi lọ lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ẹ lò mí, Bàbá." Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Kò lù mí. Ó ń de okùn mọ́ kátọ́ọ̀nù kan. Ó ní, "Irọ́ wo ló wà nínú ohun tí o kọ? Fi ẹyọ kan hàn mí." Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti rí i," ó sì ń de okùn rẹ̀ lọ.

Ọmọ ọmọ Ìyá Ìsàlẹ̀ ló gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wá láti Agége. Ẹrù náà kò pọ̀: pótímáńtò, ẹní, kẹ́tùrù, ìkòkò méjì. Mo rí áyọ́ọ̀nù eléèédú lójú fèrèsé, mo gbé e sáré tẹ̀ lé wọn, mo ní, "Ìyá, ẹ gbàgbé èyí." Ó wò ó. "Ti ilé ni," ó ní, ó sì yí ojú síwájú. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ láti ọjọ́ ìpàdé títí tó fi lọ kò ju ìyẹn lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, kátọ́ọ̀nù tẹlifíṣọ̀n ti kún yàrá náà dé àjà. Wọ́n fi ilẹ̀kùn onírin sí i. Tíṣà mi fún mi ní máàkì tó ga jù ní kíláàsì, ó ka ti iná Marina sókè fún gbogbo wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó bi mí pé ṣé ìyá yẹn ṣì wà láyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun kí i.

Ó tó ọdún méjì gbáko kí n tó lè kí i. Mo ti wọlé sí yunifásítì nígbà náà. Mo ra ọṣẹ, mo ra ṣúgà oníhóró, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Agége, mo béèrè títí mo fi rí ilé náà. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí. Ìyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé àlejò dé láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó jókòó sórí pótímáńtò yẹn, ó ti kéré sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí." Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí láti Èkó.

Ó gbé ọwọ́ kan lé etí pótímáńtò, ó gbé èkejì lé ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ dìde ni, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó mi orí. Ó gbé orúnkún kan kalẹ̀ sórí síméńtì, ó gbé èkejì kalẹ̀. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó pọn bàbá mi, kúnlẹ̀ níwájú mi, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàbọ̀, ọmọ onílé," ó ní.

Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ dìde, Ìyá, mo bẹ̀ yín." Mo sọkún. Ìyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀ sáré wọlé, ó fẹ́ gbé e, Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò bó ṣe gbá ti bàbá mi kúrò. Kò bínú. Ó ń dúró ni, bó ṣe dúró lọ́jọ́ ìpàdé, láti mọ ohun tí mo máa ṣe. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n lórí síméńtì. Mo mọ ohun tó ń retí. Inú ìwé mi ló wà, èmi ni mo kọ ọ́.

Mo dìde dúró. Mo ní, "Dìde."

Ó dìde.